Kí ni kí n fi sórí àwọn láptọ́ọ̀pù kékeré yìí kí àwọn ọmọ tó gbà wọ́n?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ kan ń wá kàwé lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn iléèwé ní Àpáta níbí. Àwọn òbí wọn dáwó jọ, a sì ra láptọ́ọ̀pù kékeré mẹ́wàá, tòkunbọ̀, ní Queen Cinema n'Íbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń ta kọ̀ǹpútà. Wọ́n fúyẹ́ débi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gbé méjì lẹ́ẹ̀kan. RAM wọn, ìyẹn iyè tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, jẹ́ 4GB, àyè ìkó-nǹkan-sí jẹ́ 64GB, wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù, kò ṣeé pààrọ̀. Windows 10 ló wà lórí wọn, pẹ̀lú oríṣiríṣi géèmù àti ohun tí n kò mọ̀. Tí mo bá tan ọ̀kan, mo lè lọ pọn omi kí n tó padà wá bá a.

Iná kì í dúró ládùúgbò wa, dátà sì wọ́n. Àwọn ọmọ tó dàgbà ń múra JAMB, àwọn kékeré ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé ni. Mo fẹ́ kí ohun tó wà lórí gbogbo wọn jẹ́ bákan náà. Kí ni kí n fi sí i, kí ni kí n yọ?

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Èmi ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Windows 10 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró. Windows 11 ní tirẹ̀, 4GB àti 64GB ló kéré jù tó ń gbà, ó sì tún ń béèrè TPM 2.0, ohun ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà. Bó tilẹ̀ wọlé, kò ní rí ibi jókòó. Linux Mint ni kí ẹ fi rọ́pò Windows, òun náà ló ń darí kọ̀ǹpútà; ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ tó fúyẹ́, Xfce. RAM 2GB àti àyè 20GB ló kéré jù tó ń béèrè. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ kò ní máa wá kíì, nọ́ńbà àṣẹ tí Windows ń béèrè, kiri.

Ìyá Ìbejì: Bọ̀dá, ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ọn. Ọmọ tí kò mọ Word, ta ni yóò gbà á síṣẹ́? Ẹ lọ wo gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Agbowó, Word ni wọ́n ń lò. Ohun ìdánrawò JAMB tí mo rà fún àwọn ọmọ mi náà, orí Windows nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Tíṣà Mọníyà: Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Lọ́dún tó kọjá, mo kó fídíò ẹ̀kọ́ sórí gbogbo kọ̀ǹpútà wa. Kò pé oṣù méjì tí wọ́n fi kún dẹ́nu. Ọmọbìnrin kan kọ àròkọ tán, kò rí i fi pamọ́ mọ́, ó sunkún títí. Ó dùn mí gan-an, nítorí ẹjọ́ mi ni. Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó fi ohunkóhun sí i, mo máa ń béèrè pé: ta ni yóò lò ó lọ́sẹ̀ yìí?

Orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, èyí tó lágbára jù, ni kí ẹ fi Kolibri sí, àpótí ẹ̀kọ́ tó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ ó wa fídíò ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì Khan Academy, iléèwé ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níbi tí dátà wà. Lẹ́yìn náà, ẹ tan ráútà láìsí dátà, àwọn kọ̀ǹpútà yòókù yóò máa fi Firefox, ohun tí a fi ń ṣí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, wo ohun inú Kolibri láti ara ráútà náà. Fún àwọn kékeré, GCompris. Eré ìkẹ́kọ̀ọ́ inú rẹ̀ lé ní 100, títẹ̀wé wà níbẹ̀.

Ní ti JAMB, ìbéèrè 180 ni láàárín wákàtí 2: Gẹ̀ẹ́sì 60, iṣẹ́ mẹ́ta yòókù 40 kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà mẹ́jọ ti tó ọmọ láti ṣe é láì fọwọ́ kan máòsì: A, B, C, D fún ìdáhùn, N fún èyí tó kàn, P fún èyí tó ṣáájú, S láti fi ìdánwò ránṣẹ́ tó bá parí, R láti padà sínú rẹ̀ tó bá ṣèèṣì tẹ S. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń pàdánù àkókò níbẹ̀, ìka wọn ni kò mọ ojú kíbọ́ọ̀dù.

Ìyá Ìbejì: Mo gbọ́ ìyẹn, sà. LibreOffice, ohun ìtẹ̀wé tó wà lórí Mint yìí, ṣé ó lè ṣí fáìlì Word?

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ó ń ṣí i, mà. Ẹ lè ṣètò rẹ̀ kí ó máa fi gbogbo iṣẹ́ pamọ́ ní .docx, irú fáìlì tí Word ń lò. Tábìlì àti àwòrán nìkan ló máa ń yẹ̀ díẹ̀ nígbà míì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé kíbọ́ọ̀dù Yorùbá. Lórí Mint, lábẹ́ Keyboard, ẹ mú Nàìjíríà, ẹ ó rí Yorùbá níbẹ̀. Kí ọmọ kọ ọwọ́, ọ̀wọ̀ àti owó, kí gbogbo rẹ̀ má di ohun kan náà.

Àǹtí Àpáta: Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa yóò san án fún yín. Mẹ́jọ yóò gba Mint, LibreOffice, Firefox, GCompris àti kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, ó parí. Ìkẹsàn-án náà Mint ni, òun ni yóò gbé Kolibri. Ìkẹwàá yóò ṣì wà lórí Windows fún ìdánrawò JAMB, n kò sì ní so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ Mọ́kọ́lá, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ní Sátidé. Fláàṣì mélòó ni kí n mú wá?

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹyọ kan tó, mà, 8GB. A ó kọ́kọ́ tan Mint láti orí fláàṣì láì pa ohunkóhun rẹ́, ká wò ó bóyá Wi-Fi àti ohùn ń ṣiṣẹ́. Ẹ kó gbogbo ṣájà dání, ẹ sì tètè dé, aago mẹ́sàn-án ni mo máa ń tan jẹnẹrétọ̀.