Oko tí Baba yà sórí erùpẹ̀ ní Durumi

Ìrírí tèmi rèé o. Maiduguri ni wọ́n bí mi sí. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti lọ tajà níbẹ̀, ìyẹn ni Haúsá ṣe yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ọ̀mọ̀wé kan, obìnrin Yorùbá bíi tèmi, ló bẹ̀ mí pé kí n wá ṣògbufọ̀ fún òun ní Durumi, Àbújá níbí, láàárín àwọn tí Boko Haram lé kúrò ní Gwoza àti Bama.

Bí èèyàn ṣe ń rántí ilẹ̀ tí ogun ti bà jẹ́ ló ń wádìí. Ó wú mi lórí. Àwọn tí mo ti ń ṣògbufọ̀ fún níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, iye ìdílé àti iye àpò ìrẹsì ni wọ́n máa ń bèèrè. Kò sẹ́ni tó béèrè oko rí.

Ìtàn Verdun, nílẹ̀ Faransé, ló kọ́kọ́ sọ fún wọn. Ó ní láti ogun 1916, bí àgbẹ̀ bá túlẹ̀ lágbègbè náà, ọta àgbá ṣì ń yọ jáde. Ibì kan wà nínú igbó ibẹ̀ tí wọ́n ti dáná sun ọta onígáàsì lẹ́yìn ogun. Májèlé arsenic pọ̀ nínú ilẹ̀ náà débi pé ekukáká ni koríko fi ń hù níbẹ̀. Abúlé mẹ́fà wà tí wọn ò tún kọ́ mọ́, tí ẹnikẹ́ni ò gbé, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń yan olórí fún wọn.

Bàbá àgbà kan láti Gwoza ní kí n tún ti olórí yẹn sọ. Mo tún un sọ. Ó ní, "Tiwa ńkọ́, ta ló ń ṣọ́ ọ?"

Ó bá mú igi, ó ń ya oko rẹ̀ sórí erùpẹ̀. Igi osè rèé. Ibi ẹ̀pà rèé. Ó wá gbé òkúta kékeré kan lé igun kan. Nígbà tí ṣọ́jà gba Gwoza padà ní 2015, àbúrò rẹ̀ padà lọ roko. Ibẹ̀ ni ọkọ́ rẹ̀ ti kan àdó olóró.

Bí mo ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ni ọmọ ọmọ rẹ̀ kan, tí wọ́n bí sí Durumi, sáré dé. "Má tẹ̀ ẹ́!" Baba ti gbá a lẹ́wù mú.

Ọ̀mọ̀wé gbé bírò sílẹ̀. Nígbà tí a ń lọ, mo bojú wẹ̀yìn: ọmọ náà ń gba etí oko náà kọjá, ó rọra ń yẹ òkúta yẹn.