Rọ́ọ̀kì gáréèjì tàbí rọ́ọ̀kì ẹ̀yìnkùlé?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lánàá dábàá ọ̀rọ̀ mẹ́rin fún àwọn àwo tí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ṣe ní nǹkan bí ọdún 1963 sí 1967: “rọ́ọ̀kì gáréèjì” fún orin náà fúnra rẹ̀, “orin àgbàkọ” fún orin ẹlòmíì tí ẹgbẹ́ kan tún kọ, “gìtá wúruwùru” fún ohùn gìtá wọn tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “fuzz”, àti “orin ìbànújẹ́” fún búlúùsì, orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó jẹ́ gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, ó ti pẹ́ tó yẹ kí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Àmọ́ ẹ má bínú, mi ò lè fara mọ́ ọ̀kankan nínú wọn.

Lẹ́nu Yorùbá, ibùdókọ̀ ni gáréèjì. Bí ẹnì kan bá ní òun ń lọ sí gáréèjì, dánfó àti agbèrò tó ń pariwo “Ìbàdàn, ó ku ẹnì kan!” la ó rí lọ́kàn. Ẹni tó bá ka “rọ́ọ̀kì gáréèjì” á rò pé orin àwọn onímọ́tò ni. Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń sọ yàtọ̀: yàrá tó so mọ́ ilé, tí bàbá ń gbé mọ́tò rẹ̀ sí, tí àwọn ọmọ wá ń kó gìtá, ìlù àti dùùrù kékeré sí láti fi dánra wò. Ohun tí orúkọ náà ń tọ́ka sí ni pé ilé ni orin náà ti wá. Ẹ̀yìnkùlé gbé ìyẹn dé ọ̀dọ̀ wa tààrà. Rọ́ọ̀kì ẹ̀yìnkùlé ni tèmi.

Ní ti “àgbàkọ”, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. “Agbako” ni yóò dà, gbogbo ayé á sì kà á sí àgbákò. “Àdàkọ” tí àwọn kan mú wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń yọjú wo ìwé ẹlòmíì nínú ìdánwò ni. Àtúnkọ ló tọ́. Ẹ wo “Louie Louie”. Richard Berry ló ni ín, 1957 ló gbé e jáde, inú orin cha-cha-chá ti René Touzet, ọmọ Kúbà, ló sì ti mú ìlà ohùn tó gbé e ró. Ní 1963, ẹgbẹ́ Kingsmen tún un kọ ní Portland. Nígbà tí gìtá dá sọ̀rọ̀ tán, Jack Ely, akọrin wọn, yára wọlé. Ó rí i pé àsìkò ò tíì tó, ó gbé ẹnu dúró, Lynn Easton sì fi ìlù dí àlàfo náà kó tó tún gbé e. Wọn ò pa á rẹ́. Ẹ lè gbọ́ ọ nínú àwo títí dòní, kò sì sí nínú ti Berry. Àtúnkọ sọ ohun méjèèjì lẹ́ẹ̀kan: orin ẹlòmíì ni, ẹnu tuntun ló ń kọ ọ́.

Ẹ má sì jẹ́ ká máa pe gbogbo orin fóòkì ní orin ìbílẹ̀. “House of the Rising Sun” tí ẹgbẹ́ Animals ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1964 jẹ́ ìbílẹ̀ lóòótọ́. Clarence Ashley ti gbà á sílẹ̀ ní 1933, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Lára àwo Animals, orúkọ Alan Price nìkan ló wà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó to orin náà, owó ẹni tó tò ó sì lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan. Àmọ́ “Hey Joe” tí ẹgbẹ́ Leaves sọ di olókìkí ní 1966 ní onílé: Billy Roberts ti fi orúkọ sílẹ̀ lórí rẹ̀ ní 1962, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àwo kan pè é ní ìbílẹ̀. Owó onílé wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, ẹ jọ̀ọ́.

“Orin ìbànújẹ́” ò ṣeé lò fún búlúùsì. “I'm a Man” tí Bo Diddley kọ ní 1955, tí àwọn ọmọ ẹ̀yìnkùlé kọ àkọtúnkọ, ìyangàn ni látòkèdélẹ̀. Ká fi búlúùsì sílẹ̀ bó ṣe wà.

Wúruwùru ló dùn mí jù. Ọ̀rọ̀ èébú ni, iṣẹ́ tí wọn ò fara balẹ̀ ṣe là ń pè bẹ́ẹ̀. Ní Nashville, ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kan bàjẹ́ nígbà tí Grady Martin ń ta gìtá fún akọrin Marty Robbins. Ohùn tó jáde wù wọ́n, wọ́n fi sílẹ̀. Ní 1962, ilé iṣẹ́ Maestro gbé àpótí kékeré FZ-1 jáde láti máa mú irú ohùn bẹ́ẹ̀ wá, tírásísítọ̀ mẹ́ta, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń mú ohùn lágbára, ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń ti ohùn gìtá kọjá ohun tí tírásísítọ̀ lè gbé, orí ìgbì ohùn á wá gé pẹrẹsẹ. Orin ò yí, ohùn ló há, bíi ti ẹni tó ti kígbe mọ́jú tó ṣì ń kọrin lójú ìlù. Gìtá ohùn-híhá ni mo dábàá.

Ní ti àwo fúnra rẹ̀, èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “45”, àwo kékeré ti wà nílẹ̀, ẹ jẹ́ ká lò ó. Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní “àwo márùndínláàádọ́ta”: iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan ni 45 ń sọ, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ á retí kí ẹ kó àwo márùndínláàádọ́ta wá.