Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé Ọlọ́run ló ń pè mí?

Ọmọ Ọ̀fà: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 22 ni mí. Bí mo bá ń tan àbẹ́là pẹpẹ, ọkàn mi máa ń fà sí iṣẹ́ àlùfáà, ṣùgbọ́n èmi nìkan lọmọkùnrin tí màmá mi bí.

Bàbá Ìlọrin: Ọmọ mi, má kánjú. Òfin Ìjọ Àgùdà pàápàá kò kánjú: ọdún 2 fún fìlọ́sọ́fì, ọdún 4 fún ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run, ẹni tí kò sì tíì pé ọdún 25 kì í sábà di àlùfáà. Ọ̀rọ̀ màmá rẹ ni kí o kọ́kọ́ gbé tọ fádà lọ.

Ìyá Ìbejì, Òmù-Àrán: Oṣù 12 ni mo fi wà ní nófíṣíètì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di Sístà, kí n tó rí i pé ti Sístà kọ́ ni tèmi. Kò sẹ́ni tó bú mi. Ìgbéyàwó náà, ìpè ni.

Ọmọ Ọ̀fà: Ẹ ṣeun, mà. Mà á dúró de fádà lẹ́yìn Máàsì.