Wọ́n fi fóònù mi dójú tì mí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Lóṣù tó kọjá mo yá ₦30,000 lórí áàpù kan. Ọjọ́ méjì péré ni mo fi pẹ́ san án, ni wọ́n bá kọ̀wé sí gbogbo nọ́ńbà inú fóònù mi pé olè ni mí, tàwòrán tàwòrán. Ìyá ọkọ mi rí i. Pásítọ̀ rí i. Kódà, ìyá tó ń ta èlùbọ́ fún mi ní Bódìjà rí i! Èmi náà ni mo kúkú tẹ “mo gbà” láìka nǹkan kan. Mo ti san gbogbo ẹ̀ tán báyìí, síbẹ̀ wọn ò dákẹ́.

Ọmọ àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́ òfin sọ pé abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo àṣírí wa, pé òfin ààbò détà (ìyẹn ìsọfúnni nípa ara ẹni) ti 2023 sì fún mi lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n pa ohun tó jẹ́ tèmi rẹ́. Ṣé kí n kọ̀wé sí àjọ tó ń rí sí ààbò détà l'Ábújá ni, àbí ilé ẹjọ́ gíga níbí? Ta ló ti ṣe é rí? Kí ni wọ́n ní kẹ́ ẹ mú wá? Mo ṣì ní àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ náà lọ́wọ́.