Ẹ̀yin onídìrí tó wà ní Texas, ṣé orúkọ ilé ìwé ni wọ́n ń wò?

Onídìrí ni mí ní Ìjẹ̀bú Òde. Àbúrò mi tó wà ní Houston fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ó ní kí n bá òun yan ilé ìwé. Ti aládàáni ń gba 18,000 dọ́là, ó sì máa yá èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ti ìjọba kò gbà tó ìdajì ìyẹn. Wákàtí 1,000 náà ni wọn yóò fi kọ́ ọ, ìwé àṣẹ kan náà ló máa gbà lọ́wọ́ TDLR, àjọ ìjọba Texas tó ń fún àwọn oníṣẹ́ níwèé àṣẹ.

A ti wo College Scorecard, ìkànnì ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fi gbèsè àti owó tí àwọn tó jáde nílé ìwé ń rí hàn. Gbèsè àwọn tó jáde ní ti aládàáni pọ̀ ju tèkejì lọ, owó tí wọ́n ń rí lọ́dún kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àmọ́ inú àkọsílẹ̀ owó orí ni iye yẹn ti wá. Owó tí oníbàárà ń fi síni lọ́wọ́ lè má sí níbẹ̀ tán. Ẹni tó bá ṣe irun lásìkò Ojúde Ọba mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe owó kékeré! Mo pe aládàáni náà, "àwọn ọmọ wa ń rí ṣe" ṣáá ni wọ́n ń wí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ ní sàlúùnù níbẹ̀, ṣé ilé ìwé téèyàn ti jáde máa ń jẹ́ kí owó rẹ̀ lé sí i, àbí ìwé àṣẹ àti ọwọ́ iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń wò?