Ṣé a lè pe «throuple» ní orogún?

Atúmọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Mò ń túmọ̀ ìròyìn kan fún ètò orí rédíò, mo sì kan ọ̀rọ̀ náà «throuple», tí wọ́n fi ń pe ẹni mẹ́ta tí wọ́n jọ ń fẹ́ra. Mo kọ́kọ́ kọ «orogún», ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀, nítorí pé ọkùnrin méjì àti obìnrin kan ni ìròyìn náà dá lé lórí. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n kọ?

Tísà Ìpẹru
Ó dára tí ẹ béèrè kí wọ́n tó kà á sétí aráyé. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì mú «three», tí í ṣe ẹ̀ta, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ «couple», tí í ṣe tọkọtaya tàbí olólùfẹ́ méjì. Nítorí náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń pè, kì í ṣe ẹnì kan nínú wọn. Orogún ni ìyàwó ń jẹ́ sí ìyàwó ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí ọkọ tí wọ́n jọ ní, owú ni ó sì sábà máa ń wà láàárín wọn. Balógun Kúkù ti Ìjẹ̀bú-Òde yín níbẹ̀ ní ìyàwó púpọ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò fi ọ̀rọ̀ tuntun yìí pe agbo ilé rẹ̀. Nínú «throuple», olúkúlùkù ni olólùfẹ́ àwọn méjì yòókù. Bí ẹnì kan bá ní olólùfẹ́ méjì tí àwọn yẹn kò fẹ́ra, lẹ́tà V ni àwọn tó ń gbé irú ayé bẹ́ẹ̀ fi ń ṣàpèjúwe rẹ̀. Ibẹ̀ ni ilé olórogún wa bọ́ sí.

Ìyá Ìbejì, Ṣàgámù
Òótọ́ ni Tísà sọ. Ẹ má sì kọ «àlè», nítorí ìkọ̀kọ̀ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn wọ̀nyí mọ̀ nípa ara wọn, wọ́n sì jọ gbà á. Ẹsẹ Ifá ní bí obìnrin bá di mẹ́ta lọ́dọ̀ ọkọ, wọn a di ẹ̀ta-ń-túlé. Èmi kò rí bí irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò ṣe tòrò, ṣùgbọ́n ìdájọ́ tèmi kò gbọdọ̀ wọ inú ìtumọ̀ yín. «Olólùfẹ́ ẹlẹ́ni-mẹ́ta» ni èmi ìbá kọ.

Atúmọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ ṣeun, mà. Wọ́n jọ ń gbé. Ṣé mo lè pè é ní ìgbéyàwó?

Tísà Ìpẹru
Rárá. Ní Bùràsíìlì, wọ́n forúkọ ọkùnrin kan àti obìnrin méjì sílẹ̀ pọ̀ ní ìlú Tupã ní ọdún 2012, ṣùgbọ́n ní 2018 ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ilé ẹjọ́ ilẹ̀ náà ka irú rẹ̀ léèwọ̀. Ẹ kọ «wọ́n jọ ń gbé», ó tó.