Màmá mi ṣẹ́rí padà ní pápákọ̀ òfuurufú, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Orí mi ti gbóná. Oṣù tó ń bọ̀ ni n ó bímọ ní Manchester níbí, màmá mi ló yẹ kó wá bá mi wẹ ọmọ. Mo ti sanwó físà, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ Àìkú tí wọ́n dé Ìkẹjà, ọmọkùnrin aláàbò kan gba gálọ́ọ̀nù epo pupa lọ́wọ́ wọn, epo tí wọ́n fọwọ́ ara wọn fún! Ó ní kí wọ́n bọ́ bàtà, kí wọ́n tú gèlè, kí wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ọ̀daràn. Màmá bá wọ táksí padà sílé. Wọ́n ní gbogbo ìyẹn ò lè dá ẹni tó fẹ́ já bàálù gbà dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ní èmi ni mo jẹ̀bi. Ṣé àyẹ̀wò yẹn ń dènà ohunkóhun lóòótọ́? Kí ni kí n sọ fún wọn?

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi o. Ta ní ń kó gálọ́ọ̀nù epo sínú báàgì ọwọ́? Wọ́n da ògì tèmi nù ní Ìkẹjà níbẹ̀, mo sunkún. Inú ẹrù tó ń lọ sí abẹ́ bàálù ni kí ẹ kó o sí, kí ẹ fi ọ̀rá wé e dáadáa.

Bọ̀dá Láyí: Ọ̀rọ̀ epo yàtọ̀. Ní August 2006, ọlọ́pàá London mú àwọn tó fẹ́ fi ìgò ohun mímu gbé bọ́ǹbù olómi wọ bàálù, ibẹ̀ ni òfin tí kò gba ohun olómi púpọ̀ láyè nínú báàgì ọwọ́ ti wá. Ti ìjágbà, àyẹ̀wò ṣiṣẹ́. Kí January 1973 tó dé, èèyàn ń gbé ìbọn wọ bàálù ní Amẹ́ríkà, á ní kí wọ́n gbé òun lọ Cuba. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ gbogbo èrò wò ló rọlẹ̀. Lọ́dún 2001, ọ̀bẹ kékeré tí òfin gbà láyè làwọn 19 tó já bàálù mẹ́rin gbà ní Amẹ́ríkà mú wọlé. Láti ìgbà náà, ilẹ̀kùn yàrá awakọ̀ ti di èyí tí ọta ìbọn ò lè dá lu, inú ni wọ́n sì ti ń tì í.

Ọmọ Èkìtì: Ilẹ̀kùn ni, kì í ṣe àyẹ̀wò! Lọ́dún 2016, ẹnì kan fi bẹ́líìtì bọ́ǹbù gba bàálù EgyptAir lọ Cyprus.

Bọ̀dá Láyí: Bẹ́líìtì irọ́ ni. Kò sí bọ́ǹbù níbẹ̀ tí ẹ̀rọ ì bá rí.



Àǹtí Bísí: Ẹ sọ fún màmá pé ayé ìgbà tí àwọn ọmọ mẹ́rin já bàálù Nigeria Airways gbà lọ Niamey lọ́dún 1993 ti lọ. Ẹ̀rù àgbà lásán ni.

Ẹni tó béèrè: Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní ẹ̀rù lásán. Màmá mi wà nínú bàálù náà. October 25, Èkó sí Àbújá. N ò kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ torí wọn ò fẹ́ ká máa sọ ọ́. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ Niger fipá wọlé, òṣìṣẹ́ bàálù kan kú. Títí dòní, màmá kì í ti ilẹ̀kùn yàrá wọn sùn. Ìgbà tí ọmọ yẹn ní kí wọ́n gbọ́wọ́ sókè ni orúnkún wọn ń gbọ̀n. Wọn ò tíì wọ bàálù láti ìgbà náà.

Ìyá Ìbejì: Háà! Ẹ má bínú sí mi.

Bọ̀dá Láyí: Ẹ gbàgbé gbogbo àlàyé mi nípa ilẹ̀kùn. Kí ẹ̀gbọ́n yín bá wọn lọ títí dé ibi tí wọ́n bá gbà á láyè. Kó tètè sọ fún aláàbò, kó bẹ̀ wọ́n kí obìnrin fọwọ́ yẹ màmá wò ní kọ̀rọ̀. Tí màmá ò bá fẹ́ lọ, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ẹni tó béèrè: Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì míì fún Ọjọ́bọ̀. Wọn ò tíì mọ̀. Èmi nìkan ni mo wà níbí, ẹ gba tèmi rò.

Àǹtí Bísí: Ẹ pè wọ́n lálẹ́ yìí, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ lọ. Mo lè wá bá yín wẹ ọmọ, Bolton ni mo wà.